Ọ̀mọ̀ràn Márùn-ún Ní Ó Dára, Oníbàárà Ò Rí I Rà

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ àti àǹkárá ní Gbági pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Kò jẹ́ kí n kí i tán tó fi ní, "Ọmọ mi, wá bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí o." Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kan ní Bódìjà ló ṣe wẹ́bùsáìtì fún un, kí àwọn oníbàárà tó wà l'Ékòó àti l'Ábùjá lè máa ra aṣọ láì wọ mọ́tò wá sí Ìbàdàn. Wọ́n ṣe é, ó sì rẹwà lójú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba owó tó kù, wọ́n mú ìwé kan lé e lọ́wọ́: àwọn onímọ̀ márùn-ún ti wo iṣẹ́ náà, wọ́n sì fún un ní 4.2 nínú 5.

Ìyá ní òun ò mọ ohun tí 4.2 ń jẹ́. Ohun tí òun mọ̀ ni pé àwọn èèyàn ń wo aṣọ lórí ẹ̀rọ, wọ́n á yan èyí tó wù wọ́n, bí wọ́n bá wá dé ibi tó yẹ kí wọ́n ti sanwó, wọ́n á pa á tì, wọ́n á pe òun lórí fóònù pé kí òun fún àwọn ní nọ́ńbà àkáǹtì, kí òun sì fi ẹrù lé dírẹ́bà lọ́wọ́ ní gáréèjì. "Bó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò rà á níbẹ̀?"

Ìbéèrè ọjà ni Ìyá bi mí, ṣùgbọ́n òun náà ni àwọn tó ń ṣèwádìí nípa kọ̀ǹpútà ti ń bá ara wọn jiyàn lé lórí láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bí a bá ní kí àwọn tó mọṣẹ́ sọ èrò wọn nípa ojú òpó kan, bóyá ó rọrùn láti lò, kí ni èrò yẹn tó nǹkan?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wọ̀n. ISO, àjọ tó ń ṣe òdiwọ̀n fún àgbáyé, ní ìwé kan lórí ìrọ̀rùn lílò, 9241-11, tó jáde ní 1998, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2018. Ìwé náà béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé ẹni tó ń lo nǹkan náà rí ohun tó bá wá ṣe parí? Ṣé kò fi àkókò àti agbára ṣòfò? Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn? Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò: ó ní fún àwọn èèyàn kan pàtó ni, tí wọ́n ní ohun kan pàtó láti ṣe, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìrọ̀rùn kò sí lára ojú òpó bí aró ṣe wà lára àdìrẹ. Ohun tó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó jókòó síbi tí Wi-Fi wà lè jẹ́ ìyà fún obìnrin tó dúró sétí títì ní Mọ́kọ́lá, tí ojú fóònù rẹ̀ ti là, tí dátà rẹ̀ sì ku táṣẹ́rẹ́.

Ohun tó wá ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé nǹkan méjì ló ń jẹ́ "èrò onímọ̀" lẹ́nu àwọn èèyàn, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá. Ti àkọ́kọ́ dà bí ìdìbò. Wọ́n á kó ìwé ìbéèrè fún onímọ̀: ṣé ojú òpó yìí fani mọ́ra, ṣé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yéni, ṣé ó rọrùn láti rìn nínú rẹ̀? Ó á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pín in. Ìkejì ni pé onímọ̀ jókòó ti ojú òpó náà bí ẹni tó wá ra nǹkan, ó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ti kọ́ ọ ló kọ sílẹ̀, tó sì sọ ìdí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ á fún yín ní nọ́ńbà. Ìkejì á fún yín ní iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe lọ́la.

Ẹ fi wé ilé tí ẹ fẹ́ háyà ní Òkè-Àdó. Ẹ rán èèyàn mẹ́ta lọ wò ó. Ẹnì kan wo kànga, ó ní omi ò sí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnì kejì ní ilé náà dára, mítà wà, òrùlé ò jò. Ẹnì kẹta ti dàgbà, ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí omi Ògùnpa ya wọ ìlú ní 1980. Gọ́tà ló kọ́kọ́ lọ wò, kó tó wo yàrá rárá. Bí ẹ bá ní kí wọ́n fún ilé náà ní máàkì, ẹ ó gba 2, 5 àti 2, ẹ ó rò ó pọ̀, ẹ ó pín in sí mẹ́ta, yóò jẹ́ 3. Kí ni 3? Kò sí omi nínú rẹ̀, kò sì sí gọ́tà. Gbogbo ohun tí ẹ fi owó mọ́tò rán wọn lọ wò ti dànù síbi tí ẹ ti ń ṣe ìṣirò.

Mo ní kí àwọn ọmọkùnrin Bódìjà yẹn fi ìwé tí àwọn onímọ̀ márààrún kọ gan-an hàn mí, wọn ò sì bá mi jiyàn. Máàkì márùn-ún tó wà níbẹ̀ ni 5, 5, 5, 4 àti 2. Ẹ rò ó, yóò fún yín ní 4.2. Bó bá jẹ́ 5, 4, 4, 4 àti 4 ni, 4.2 náà ni. Ìyẹn ni pé ibi tí gbogbo ènìyàn ti fohùn ṣọ̀kan àti ibi tí ẹnì kan ti fi ariwo bọnu, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n máa bí. Ẹni tó fún wọn ní 2 tilẹ̀ kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ ìwé rẹ̀: "Ibi àdírẹ́sì yẹn ò dáa." Kò ṣàlàyé. Ẹnikẹ́ni ò sì bi í.

Ọ̀nà kejì yẹn, ọ̀nà àyẹ̀wò, ní ìtàn. Ní 1990 ni Jakob Nielsen àti Rolf Molich, ọmọ ilẹ̀ Denmark méjèèjì, gbé e jáde fún aráyé. Ọgbọ́n wọn ni pé ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, nítorí náà, ẹlòmíràn ni kó dúró sẹ́yìn wò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹni yẹn má kàn fi ojú lásán wò ó. Kó ní àwọn ìlànà díẹ̀ lọ́wọ́ tó máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nielsen tún àwọn ìlànà náà tò ní 1994, wọ́n di mẹ́wàá, àwọn ni wọ́n ṣì ń lò títí dòní.

Mi ò ní ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún yín. Ẹ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ní kí ẹ̀rọ máa jẹ́ kí èèyàn mọ ohun tó ń lọ. Ẹ ti fi owó ránṣẹ́ rí, tí nǹkan kan kàn ń yí bírípó lójú fóònù, tí ẹ ò mọ̀ bóyá owó ti lọ tàbí kò tíì lọ, tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, tí owó sì lọ lẹ́ẹ̀mejì? Ìlànà yẹn ni wọ́n rú. Òmíràn ní kí ẹ̀rọ sọ èdè ẹni tó ń lò ó, kó má sọ èdè ẹni tó kọ ọ́. Òmíràn ní kí èèyàn rí ọ̀nà padà sẹ́yìn bó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé. Òmíràn ní bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀rọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bí a ṣe máa tún un ṣe. Gbogbo àwa tí a ti fi àmì sábẹ́ orúkọ wa rí, tí a kọ Ṣadé tàbí Ọlá sínú fọ́ọ̀mù, tí lẹ́tà pupa jáde pé orúkọ wa kò bófin mu, a mọ bí ìyẹn ṣe ń ká èèyàn lára. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni kò bófin mu?

Àbùkù ọ̀nà yìí náà wà, àwọn tó dá a sílẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sọ ọ́. Nínú àwọn àyẹ̀wò tí Nielsen ṣàkójọ, bí a bá pín in dọ́gba, bí 35 nínú 100 lára àwọn ìṣòro tó wà níbẹ̀ péré ni onímọ̀ kan ṣoṣo ń rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ lo mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí ohun tí Táíwò fò, Kẹ́hìndé lè rí i. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló sì ń ríran dọ́gba. Ní 1992, Nielsen gbé iṣẹ́ kan fún ọ̀wọ́ mẹ́ta láti yẹ̀ wò: ètò báńkì kan tí èèyàn máa pè lórí fóònù, tí ohùn á máa dá a lóhùn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí ò mọ nǹkan kan nípa ìrọ̀rùn lílò rí ìṣòro 22 nínú 100. Àwọn tó mọ̀ nípa ìrọ̀rùn lílò rí 41. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, tí wọ́n tún mọ irú ẹ̀rọ tó ń fi ohùn dáni lóhùn yẹn dunjú, rí 60.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló yẹ kí ẹni tó ń ṣòwò n'Ìbàdàn dì mú. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan, apá kan ló mọ̀. Bí ẹni tó ń yẹ ojú òpó Ìyá wò bá mọ ọjà Gbági, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni ti aṣọ ẹbí: bí ènìyàn ogójì bá fẹ́ ra aṣọ kan náà fún ìgbéyàwó, tí oníkálukú fẹ́ san tirẹ̀, tí wọ́n wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa rà á níbí? Kò sí ìlànà kankan nínú mẹ́wàá yẹn tó mẹ́nu ba aṣọ ẹbí. Ẹni tó bá ti dá aṣọ rí ló máa rántí.

Ẹ̀yin tó rò pé bí àwọn onímọ̀ bá ti péjọ, ohùn wọn á ṣọ̀kan, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Rolf Molich kan náà, ẹni tó bá wọn dá ọ̀nà yìí sílẹ̀, ṣètò ìdánwò kan ní 2003. Ó kó ẹgbẹ́ 17 jọ, gbogbo wọn ló ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, ó ní kí wọ́n yẹ ojú òpó ilé ìtura kan ní New York wò, Hotel Pennsylvania. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án lo àwọn èèyàn láti fi dán an wò, ẹgbẹ́ mẹ́jọ fi ojú onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n kó wá jẹ́ 340. Nínú rẹ̀, 205 ló jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló rí i. Mẹ́sàn-án péré ni ó ju ìdajì àwọn ẹgbẹ́ náà lọ tó rí i. Ní 2001, Morten Hertzum àti Niels Ebbe Jacobsen ti ṣàkójọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí a bá mú èèyàn méjì tó yẹ nǹkan kan náà wò, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé kì í ju láti 5 dé 65 nínú 100 lọ.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní irọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà nígbà náà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú òpó tóbi, ìṣòro inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè rí lọ, bí ilé Òkè-Àdó yẹn náà ni. Pé ẹnì kan rí kànga, tí ẹlòmíràn rí gọ́tà, kò sọ pé ọ̀kan nínú wọn purọ́. Ẹ ṣáà má gba àkọsílẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo kí ẹ wá máa pè é ní gbogbo ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé àwọn onímọ̀ máa ń ké "ìkookò ń bọ̀" níbi tí ajá lásán ti ń kọjá lọ: wọ́n á ṣàríwísí nǹkan mẹ́wàá, mẹ́ta nínú rẹ̀ kò ní dí oníbàárà kankan lọ́wọ́ láéláé.

Ó yẹ kí n dá àwọn tó fẹ́ràn nọ́ńbà lóhùn, torí àwíjàre wọn kò ṣófo. Ní 1907, Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ̀wé nípa ìdíje kan ní Plymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń méfò bí màlúù kan ṣe máa wúwo tó tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì ṣe é tán. Ìwé 787 ló yẹ̀ wò. Èyí tó bọ́ sáàárín gbùngbùn gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,207 nínú ìwọ̀n pọ́n-ùn. Nígbà tí wọ́n gbé màlúù náà sórí òṣùwọ̀n, ó jẹ́ 1,198. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn lè sún mọ́ òótọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: ìbéèrè kan ṣoṣo ni, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní, òṣùwọ̀n sì wà tó máa sọ ẹni tó gbà á. "Ṣé ojú òpó yìí rọrùn?" kì í ṣe màlúù kan, agbo màlúù ni.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yẹn tún kan ibi tí ìmọ̀ onímọ̀ ti ń wá. Daniel Kahneman àti Gary Klein, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn méjì tí wọn kì í sábà rí ọ̀rọ̀ bákan náà, jọ kọ̀wé ní 2009 pé ohun méjì ló ń sọ ojú inú èèyàn di èyí tó ṣeé gbára lé: kí iṣẹ́ náà ní ìlànà tí kì í yí padà lójoojúmọ́, kí ẹni tó ń ṣe é sì máa tètè rí àbájáde ohun tó sọ. Mẹkáníìkì ní Ìwó Road tó gbọ́ dídún Micra yín, tó ní ohun báyìí ló bàjẹ́, lọ́la ni mọ́tò yẹn máa dá a lójú tàbí kó dójú tì í. Bó ti ń gbọ́n nìyẹn. Onímọ̀ ojú òpó tó ń fún nǹkan ní máàkì láti ọdún pípẹ́, tí kò jókòó ti ẹnikẹ́ni wò ó rí bí ó ṣe ń lò ó, ta ló ń sọ fún un pé ó ṣì í? Ìdí nìyẹn tí n kì í fi béèrè ìwé ẹ̀rí ẹni tí mo bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún. Mo máa ń bi í pé, ìgbà wo lo rí oníbàárà tó ń tiraka kẹ́yìn?

Ibì kan wà tí máàkì ti wúlò gan-an. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti kọ ìṣòro tí wọ́n rí, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí ẹ wá ní kí oníkálukú dá sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe burú tó. Nielsen ní òdiwọ̀n kan fún un: 0 ni pé mi ò gbà pé ìṣòro ni, 1 ni pé ojú nìkan ló bàjẹ́, títí dé 4, tó túmọ̀ sí pé ẹ má ṣí ilé yìí fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó tún un ṣe. Níbí, ìṣòro kan pàtó ni gbogbo wọn ń wọ̀n, nítorí náà, ẹ lè ro máàkì wọn pọ̀ kí ẹ pín in. Ó ní ti ẹni mẹ́ta ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ti ẹnì kan kò ṣeé gbára lé. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí wọ́n dá kọ ọ́ kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bí ìpàdé wa ṣe máa ń rí: bí ọ̀gá bá ti lanu pé ó dára, ta ló kù tó máa ní kò dára?

Àwọn oníbàárà fúnra wọn ńkọ́? Ẹ nílò wọn, ṣùgbọ́n ẹ má kàn bi wọ́n léèrè. Níbí, bí ẹ bá bi èèyàn pé "Ṣé ó rọrùn?", á ní "Ó rọrùn, ẹ kú iṣẹ́," nítorí ọmọlúàbí ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́ nǹkan, orí ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi, á ní òun ò kàwé tó. Ẹ gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ẹ ní kó ra ọ̀pá márùn-ún nínú aṣọ aláró yẹn, kí ẹ pa ẹnu mọ́. Pípa ẹnu mọ́ yẹn ló le jù. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Nielsen àti Thomas Landauer ní 1993, bí ẹnì kan bá ń fi bí 31 nínú 100 ìṣòro hàn, ẹni márùn-ún á ti tú bí 85 síta. Márùn-ún kò wọ́n láàárín ọjà.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, àwọn onímọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ pè, kí wọ́n gbá ìdọ̀tí tó hàn sójú kúrò, kí n má baà fi àkókò oníbàárà márùn-ún ṣòfò lórí bọ́tìnì tí kò ṣiṣẹ́. Onímọ̀ sì lè rí kọ̀rọ̀ tí oníbàárà márùn-ún kò ní dé, bíi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí káàdì báńkì bá ti lọ́jọ́ lórí. Fóònù lásán ni mo máa ní kí wọ́n lò, irú èyí tí àwọn oníbàárà Ìyá ń lò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí ojú fèrèsé.

Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá, mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún un, ó sì gbọ́ ọ délẹ̀. Ó pe àwọn ọmọkùnrin náà, ó tẹ fóònù rẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Kò bi wọ́n ní 4.2. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, nínú àwọn márùn-ún yẹn, mélòó ló ra aṣọ?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Mà, wọ́n kàn wò ó ni." Ó ní òun fúnra òun máa rà á lálẹ́ ọjọ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, lórí fóònù òun.

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù lọ́jọ́ kejì tó fi pè. Ó ti yan aṣọ, ó ti kọ orúkọ, ó ti kọ àdírẹ́sì: ilé alájà kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Àpótí kan wá wà nísàlẹ̀ tó ní àfi kí òun kọ nǹkan sí i kí òun tó lè kọjá, òun sì ni òun fi í síbẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "kí ni postal code àdúgbò wa?"